Ẹjọ́ Ilẹ̀ Inú Tẹlifíṣọ̀n

Láàárín àwọn ọdún 1980, nígbà tí mo jẹ́ tísà ìtàn ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìfọ́n-Ọ̀ṣun, ohun kan ṣoṣo ni mo máa ń bẹ Ọlọ́run fún ní gbogbo Ọjọ́bọ̀: kí wọ́n jẹ́ kí n wo eré mi ní àlàáfíà. N kò tọrọ mọ́tò. N kò tọrọ ọkọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyá mi ń bá mi tọrọ rẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́. Eré orí tẹlifíṣọ̀n lásán ni. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é, síbẹ̀ n kì í rí i wò tán kí inú má bí mi.

Mò ń kàwé nígbà náà láti gba dígírì. Ilé ni mo ti ń múra ìdánwò náà, láìsí olùkọ́ kankan. Bí mo bá kọ́ àwọn ọmọ tán lọ́sàn-án, tí mo se oúnjẹ, tí mo jẹ ẹ́, ìwé ló kù, títí ojú yóò fi máa ta mí bí ẹni tí ata ta sí lójú. Àwọn tísà ẹlẹgbẹ́ mi a máa ní ìwé ìtàn àròsọ ni àwọn fi ń sinmi. Ìsinmi wo nìyẹn? Ẹni tó fi ìwé ṣiṣẹ́, tó fi ìwé jẹun, ṣé ìwé náà ni yóò tún fi sùn? Mo fẹ́ jókòó, kí n na ẹsẹ̀, kí ẹlòmíràn máa bá mi ro ìrònú.

Ìlọ́bù ni mo ti gba yàrá. Ó ti pẹ́ tí Ìlọ́bù àti Ìfọ́n ti ń bá ara wọn ṣe ẹjọ́ ilẹ̀. Òṣogbo ni ilé bàbá mi, nítorí náà n kò ní ẹjọ́ ilẹ̀ kankan pẹ̀lú ará Ìlọ́bù, n kò sì ní pẹ̀lú ará Ìfọ́n. Kí ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí àwọn tí mò ń bá wo eré kò fi sọ́kàn rárá.

Onílé mi ló ni tẹlifíṣọ̀n. Màmá ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Opó ni wọ́n, wọ́n ti lé ní ọgọ́ta ọdún, wọ́n ń ta abọ́ tánganran ní Òṣogbo. Gáná ni Màmá àti ọkọ wọn ti ṣòwò títí di ìgbà tí wọ́n lé àwọn àlejò kúrò níbẹ̀ lọ́dún 1969. Tẹlifíṣọ̀n wọn wà nínú àpótí onígi tó ní ilẹ̀kùn méjì bíi kọ́bọ́ọ̀dù. Ilẹ̀kùn náà ní kọ́kọ́rọ́, etí ìró Màmá sì ni kọ́kọ́rọ́ ọ̀hún wà.

Bí aago eré bá lù, orí ẹní ìrun ni Màmá máa ń wà. Ta ni yóò sọ fún àgbàlagbà pé kí ó yára kírun? Màá jókòó níwájú àpótí tí a tì pa, màá máa gbọ́ orin ìbẹ̀rẹ̀ eré mi láti ilé òdìkejì, níbi tí n kò ti mọ ẹnikẹ́ni. Màmá yóò kírun tán, wọn yóò ṣe àdúà fún àwọn òkú, fún àwọn alààyè, fún èmi gan-an pé kí Ọlọ́run fún mi lọ́kọ, kí wọ́n tó wá tú kọ́kọ́rọ́. Tẹlifíṣọ̀n náà á sì tún gbóná ná kí àwòrán tó jáde. Bó bá jáde tán, ó di ọ̀rọ̀ áńtẹ́nà. Orí ọparun lẹ́yìn ilé ni wọ́n so ó mọ́, èmi tí mo kéré jù nínú pálọ̀ ni mo sì ń jáde lọ yí i.

Màá pariwo láti ẹ̀yìn ilé pé, “Ṣé ó ti dára?”

Màmá á ní, “Rárá!”

“Báyìí ńkọ́?”

“Ó ti dára tẹ́lẹ̀, o ti bà á jẹ́!”

Nígbà tí màá bá fi wọlé, ẹnì kan ti kú nínú eré, n kò sì mọ ohun tó pa á.

Eré náà dùn ṣá. Ìdílé méjì ni, ní abúlé kan létí odò. Àwọn ará òkè odò ní àwọn ló ni oko obì kan. Àwọn ará ìsàlẹ̀ odò ní irọ́ ni, ti àwọn ni. Láàárín wọn ni ọ̀dọ́mọbìnrin kan wà, ọmọ òkè odò tó fẹ́ ọmọkùnrin ìsàlẹ̀ odò. Nítorí ìyàwó yìí ni mo ṣe ń wo eré náà. Obìnrin tó ń ṣe ìyàwó yìí mọ eré ṣe. Bó bá kàn gbé ojú sókè, wàá mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti kún ún nínú. Ìdílé bàbá rẹ̀ ń fi ojú ọ̀dàlẹ̀ wò ó, ìyá ọkọ rẹ̀ ń fi ojú amí wò ó. Mo fẹ́ mọ ohun tí yóò sọ. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá yóò kó ẹrù rẹ̀. Ìyẹn nìkan ni mo fẹ́ mọ̀, ìyẹn náà ni n kì í sì í gbọ́, nítorí ìgbà tí ìyàwó bá la ẹnu gẹ́lẹ́ ni Màmá náà ń la ẹnu.

“Ẹ wò wọ́n! Ẹ wo àwọn ará òkè odò yìí! Ìfọ́n pọ́nńbélé!”

Mo ní, “Màmá, abúlé inú eré ni o.”

“Tísà, ta ló kọ eré ọ̀hún? Ẹni tó kọ ọ́ mọ ohun tó ń sọ.”

Ìgbà tí wọ́n bá parí àlàyé bí ará òkè odò ṣe jẹ́ Ìfọ́n, àlejò á wọlé. “Ẹ kú ilé o.” Àlejò ní Ìlọ́bù kì í ṣe ẹni tí èèyàn ń mi orí sí. Wọ́n á kí i kú àbọ̀, wọ́n á bi í léèrè ilé, wọ́n á bi í léèrè àwọn ọmọ, wọ́n á bi í léèrè ẹsẹ̀ tó ń dun ìyá rẹ̀. Èmi náà á kúnlẹ̀, nítorí n kò lè jókòó síbẹ̀ nígbà tí àgbà ń wọlé. Lórí ìkúnlẹ̀ ni màá ti rí i pé ìyàwó ń sunkún, tí ó sọ nǹkan kan, tí ọkọ rẹ̀ sì di orí mú. Kí ló sọ? Màá bi Màmá. Màmá á ní, “Ta ni?”

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, ara mi kò gbà á mọ́. Mo ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká gbọ́ ohun tí ìyàwó yìí ń sọ. Eré lásán ni, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yìí kò kàn wá.”

Wọn kò bínú. Wọ́n kàn wò mí. Wọ́n ní, “Ẹni tí wọn kò bá lé kúrò nílé ara rẹ̀ rí ló ń sọ pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kò kan òun.” Wọ́n sì yíjú padà sí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ń bá àwọn ará òkè odò jà lọ. Ojú tì mí, inú sì tún bí mi, nítorí mo mọ̀ pé mi ò ní lè sọ̀rọ̀ mọ́ láé.

Ó ṣe díẹ̀, tiransifọ́mà àdúgbò wa bú. Ìró rẹ̀ le tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ewúrẹ́ fi sá wọ inú ilé. Àwọn oníná wá wò ó, wọ́n mi orí, wọ́n lọ. Ó di òkùnkùn. Mo lè fi àtùpà kàwé, ṣùgbọ́n a kì í fi àtùpà wo eré.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan nílé-ẹ̀kọ́ wa ní Ìfọ́n, obìnrin tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní oúnjẹ sísè àti aṣọ rírán. Òun ló ní kí n máa yà sí ilé àwọn ní Ọjọ́bọ̀, pé ọkọ òun yóò máa fi mọ́tò gbé mi padà sílé, Ìlọ́bù kò kúkú jìnnà. Akọ̀wé ìjọba ni ọkọ rẹ̀, onígbàgbọ́ ni wọ́n, tẹlifíṣọ̀n wọn ní àwọ̀, pálọ̀ wọn sì parọ́rọ́. Ọkọ rẹ̀ kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo ní mo ti bọ́.

Wọ́n gbàdúrà kúkúrú, wọ́n tan tẹlifíṣọ̀n. Fún ìgbà àkọ́kọ́, mo rí i pé aṣọ ìyàwó náà pupa. Mo na ẹsẹ̀. Àwọn ará ìsàlẹ̀ odò mú awọnlẹ̀ wá sínú oko obì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ri òpó mọ́lẹ̀. Ìyàwó yọ láti ẹ̀yìn igi, ó la ẹnu.

Ọkọ ọ̀rẹ́ mi fò dìde. “Ìlọ́bù nìyẹn! Ẹ ò rí wọn? Ìwà wọn gan-an nìyẹn!”

Mo rò pé etí mi ló ń tàn mí. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, abúlé inú eré ni o.”

Ó ní, “Tísà, ẹni tó kọ eré yìí mọ̀ wọ́n dáadáa.”

Mo wo ọ̀rẹ́ mi pé kó bá mi dá sí i. Òun náà ti na ìka, ó ń tọ́ka sí tẹlifíṣọ̀n: bí bàbá ìsàlẹ̀ odò yẹn ṣe ń rìn, bí Ìlọ́bù ṣe ń rìn nìyẹn. Ìgbà tí wọ́n fi dákẹ́, ìpolówó ọṣẹ ló kù lójú tẹlifíṣọ̀n.

Mo ní, “Kí ni ìyàwó yẹn sọ?”

Ọ̀rẹ́ mi ní, “Ìyàwó wo?”

Ọ̀rọ̀ kì í pamọ́ ní àdúgbò wa. Kí n tó jí láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Màmá ti mọ̀ pé mo lọ wo eré ní Ìfọ́n. Wọn kò dáhùn ìkíni mi dáadáa. Ìgbà tí mo fi dé láti ibi iṣẹ́ ni wọ́n tó pè mí.

“Tísà, o ti gba Ìfọ́n lọ.”

“Màmá, iná ni kò sí.”

“Mo gbọ́.” Wọ́n nu abọ́ kan, wọ́n gbé e kalẹ̀. “Wọ́n ní awọnlẹ̀ dé inú oko obì lánàá. Kí ni wọ́n sọ sí i ní Ìfọ́n?”

Ibẹ̀ ni ìyà mi ti bẹ̀rẹ̀. Nínú eré, ọ̀rọ̀ oko obì dé ilé-ẹjọ́, ìdílé méjèèjì sì gba lọ́yà. Bí mo bá dé Ìfọ́n, ọkọ ọ̀rẹ́ mi á ní, “Onílé yín ńkọ́? Kí ni wọ́n sọ sí ti lọ́yà yẹn?” Bí mo bá padà sí Ìlọ́bù, màá ro eré náà fún Màmá, wọn á ní, “Ọkọ ọ̀rẹ́ rẹ, ṣé kò tíì rí i pé lọ́yà wọn ń parọ́ ni?” Wọn kò fojú kan ara wọn rí, wọ́n sì ń bá ara wọn ṣe ẹjọ́ nípasẹ̀ mi, lórí oko obì tí kò sí níbì kankan láyé. Ní ọjọ́ kan mo gbìyànjú láti pa irọ́. Mo sọ fún Màmá pé wọn kò sọ nǹkan kan. Màmá ní, “Ẹ̀rí ọkàn ló ń bá wọn jà.” Mo sì rí i pé irọ́ gan-an kò gbà mí.

Ìwé mi ń dúró dè mí lórí tábìlì. Ẹ gbà mí gbọ́, ó ti di pé ìwé ni mo fi ń sinmi lọ́wọ́ eré.

Àwọn oníná tún tiransifọ́mà ṣe nígbà tí eré ku ẹ̀ẹ̀kan kó parí. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni tẹlifíṣọ̀n ilé ọ̀rẹ́ mi ní Ìfọ́n bàjẹ́: àwòrán rẹ̀ sún kì, ó di ìlà funfun kan láàárín gíláàsì. Alátùn-únṣe ní Òṣogbo ní àfi kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún òun. Ọ̀rẹ́ mi wá sí yàrá àwọn tísà pẹ̀lú ojú ẹni tí wọ́n jí nǹkan rẹ̀. Ó ní ọkọ òun kò jẹun láàárọ̀. Ó ní ọjọ́ ìdájọ́ ni Ọjọ́bọ̀ yìí, kí ni àwọn yóò ṣe báyìí? Ó ń sọ ọ́ lọ, ó ń sọ ọ́ bọ̀, títí ó fi sú mi.

Mo ní, “Ẹ má da ara yín láàmú mọ́. Ẹ wá sí Ìlọ́bù.”

Bí mo ti sọ ọ́ tán ni mo fẹ́ gbé e mì padà. Ọ̀rẹ́ mi ti lọ sọ fún ọkọ rẹ̀.

Mo kúnlẹ̀ sọ fún Màmá. Wọ́n tú ìró wọn, wọ́n tún un ró. Mo ti ń wá ọ̀rọ̀ tí màá fi bẹ̀bẹ̀ nígbà tí wọ́n ní, “Ṣé wọ́n ń jẹ iyán?”

Ní Ọjọ́bọ̀, Màmá tètè dé láti Òṣogbo, wọ́n gbá iwájú ilé fúnra wọn. Nígbà tí mọ́tò dúró, ọkọ ọ̀rẹ́ mi sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú búrẹ́dì tó gbé mọ́ àyà. Bó ti rí Màmá, ó kó búrẹ́dì fún ìyàwó rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá.

“Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Màmá. Ẹ kú ọjà. Ẹ kú ìtọ́jú tísà wa.”

“Dìde, ọmọ mi. Ẹ káàbọ̀. Ilé ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ọlọ́run yóò dá wọn sí.”

Wọ́n jẹ iyán. Ẹnikẹ́ni kò dárúkọ oko obì. Ọkọ ọ̀rẹ́ mi wo tẹlifíṣọ̀n Màmá nígbà tí wọ́n ṣí àpótí, kò sì sọ pé kò ní àwọ̀. Màmá ti kírun ní àkókò, wọn kò ṣe àdúà gígùn. Àní áńtẹ́nà pàápàá kò yọ wá lẹ́nu. Mo jókòó sí àárín wọn bí ẹni tó jókòó sórí ẹyin.

Eré bẹ̀rẹ̀, ilé-ẹjọ́ ni. Lọ́yà òkè odò rojọ́. Mo rí i tí Màmá fẹ́ la ẹnu, ṣùgbọ́n wọ́n wo àlejò wọn, wọ́n pa ẹnu dé. Lọ́yà ìsàlẹ̀ odò rojọ́. Ọkọ ọ̀rẹ́ mi di ọwọ́ àga mú, ó wo Màmá, ó fi ẹ̀yìn ti àga padà. Ọ̀wọ̀ tí wọ́n ní fún ara wọn di wọ́n lẹ́nu. Adájọ́ wá ní kí ìyàwó náà jáde wá sọ tẹnu rẹ̀, mo sì gbọ́ ohùn rẹ̀ ketekete, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ó ní ní ilé bàbá òun, wọ́n ní òun kì í ṣe ọmọ àwọn mọ́. Ó ní ní ilé ọkọ òun, ọmọ ọ̀tá ni orúkọ òun. Ó ní gbogbo wọn ti pe bàbá, wọ́n ti pe bàbá àgbà, wọ́n ti pe awọnlẹ̀, ẹnì kan kò bi òun léèrè ẹni tó gbin obì náà. Ó ní, “Ìyá ìyá mi ló gbìn ín. Ó ń pọn omi láti odò wá bu sí i nídìí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo wà, nínú ọ̀já.”

Nígbà náà ni Màmá sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe sí tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n ní, “Mo gbin ọsàn sí ẹ̀yìn ilé wa ní Kùmásì, ní Gáná lọ́hùn-ún. Ó ti so lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n tó ní ká máa lọ. Ta ló ń ká a báyìí?”

Ọkọ ọ̀rẹ́ mi yíjú sí wọn. Ó ní, “Ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá.” Ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ọmọ ṣe ń sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi fi ọwọ́ kan eékún Màmá. Omijé ti wà lójú tèmi náà, n kò mọ̀ bóyá nítorí ìyàwó inú eré ni àbí nítorí ọsàn.

Adájọ́ yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó ní ilé-ẹjọ́ ti gbọ́ gbogbo ẹjọ́ wọ̀nyí. Ó ní ìjọba yóò gba ilẹ̀ náà, wọn yóò fi kọ́ ilé-ìwòsàn. Ó fi òòlù kan tábìlì. Orin ìparí dún.

“Kí ni?” Màmá ti dìde dúró.

“Kí ló sọ?” Ọkọ ọ̀rẹ́ mi náà ti dìde.

“Ìjọba wo? Ìjọba gbin nǹkan kan níbẹ̀ ni?”

“Ẹ ṣáà rí i, Màmá! Ìdájọ́ wo nìyẹn? Ta ló bẹ̀ wọ́n ní ilé-ìwòsàn?”

“Olè ni adájọ́ yẹn! Mo ti rí i lójú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀!”

Wọ́n bú adájọ́ papọ̀. Wọ́n bú lọ́yà méjèèjì. Wọ́n bú ẹni tó kọ eré, ẹni tí àwọn méjèèjì ti ń yìn láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ó mọ ohun tó ń sọ. Ọkọ ọ̀rẹ́ mi, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, lọ na ìka mọ́ gíláàsì tẹlifíṣọ̀n. Orúkọ àwọn òṣèré ń kọjá, mo sì ń gbìyànjú láti wo ẹ̀yìn àwọn lẹ́tà náà, níbi tí ìyàwó náà dúró sí lẹ́nu ọ̀nà ilé-ẹjọ́. Ìdílé bàbá rẹ̀ gba ọ̀tún. Ìdílé ọkọ rẹ̀ gba òsì. Ibo ni òun yóò gbà? Ìka ọkọ ọ̀rẹ́ mi bò ó lójú. Nígbà tó yọ ìka rẹ̀, ìròyìn ti bẹ̀rẹ̀.

Mo pariwo. Mo ní, “Ìyàwó yẹn ńkọ́? Ṣé ẹ ò rí i ni? Níbo ló gbà?”

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò mí bí ẹni tó sọ̀rọ̀ níbi òkú. Màmá ní, “Tísà, a ń sọ̀rọ̀ ilẹ̀, o ń sọ̀rọ̀ ìyàwó.” Wọ́n sì sin àwọn àlejò dé ìdí mọ́tò, wọ́n ṣì ń bú adájọ́. Mo gbọ́ tí Màmá ń sọ pé kí wọ́n tún padà wá, pé iyán kò ní wọ́n.

Wọ́n padà wá lóòótọ́. Alátùn-únṣe ti tún tẹlifíṣọ̀n wọn ṣe, ṣùgbọ́n ọkọ ọ̀rẹ́ mi ní ìran a máa dùn jù níbi tí èèyàn bá pọ̀ sí. Mo kọ lẹ́tà sí ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n náà láti béèrè ibi tí ìyàwó náà gbà. Wọn kò dá mi lóhùn. Mo bi Màmá nípa Kùmásì nígbà méjì, nítorí ìtàn ni iṣẹ́ mi, mo sì fẹ́ gbọ́ ọ. Wọ́n ní kí n lọ ka ìwé mi.

Eré tuntun bẹ̀rẹ̀ ní oṣù tó tẹ̀ lé e: obìnrin kan tó ń fi ìyà jẹ ọmọ orogún rẹ̀. Kò sí ilẹ̀ nínú rẹ̀, kò sí odò, kò sí obì. Mo fọkàn balẹ̀. Mo bu ẹ̀pà sínú abọ́, mo na ẹsẹ̀. Ìyálé inú eré jáde láti inú yàrá, kò tíì sọ̀rọ̀ rárá, ó kàn ń gbá ilẹ̀ lọ.

Màmá fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi. “Ṣé o mọ obìnrin tó ń ta elùbọ́ ní ìkóríta? Òun nìyẹn.”